Ẹṣin Kan fún Yàrá Màámi

Mo fi ẹsẹ̀ wọn yàrá Màámi láàárọ̀ Sátidé,
mẹ́rìnlá ní gígùn, méjìlá níbùú,
àjà rẹ̀ ga bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ Àgùdà ló kọ́ ọ
nígbà tí Èbúté Mẹ́ta ṣì ń gba atẹ́gùn ọ̀sà lọ́fẹ̀ẹ́.
Fèrèsé méjì: ọ̀kan kọjú sí ìwọ̀-oòrùn,
ọ̀kan kọjú sí ilé alájà mẹ́ta
tí Alàgbà Fágbèmí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, tó gbé atẹ́gùn mì.
Láàárín wọn, ihò onígun mẹ́rin kan,
páálí bisikíìtì la fi dí i.
Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ Bàámi jókòó sí fún ọdún mọ́kàndínlógún
kó tó kú, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn Bàámi fúnra rẹ̀.

Ooru ọdún yìí kì í ṣe ooru eré.
Lóru, Màámi á tẹ́ ẹní sórí sìmẹ́ǹtì,
á da omi sáyà, á fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.
Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, àìsùn ò dáa fún un.
Ni mo bá kó owó àjọ, mo forí lé Àlàbá.

Mi ò mọ̀ pé ẹṣin ni wọ́n ń tà níbẹ̀!
Ẹṣin kan, ẹṣin kan àbọ̀, ẹṣin méjì.
Mo ní, "Àbọ̀ ẹṣin yẹn ńkọ́, ṣé apá iwájú ni àbí ti ìdí?"
Okwudili rẹ́rìn-ín, ẹni tó gbọ́ Yorùbá ju ọmọ mi lọ:
"Ẹ̀gbọ́n, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.
Èyí tó kéré á sáré láìsinmi, á kú sẹ́nu iṣẹ́.
Èyí tó tóbi jù á tutù kíá, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀,
yàrá á sì máa rin bí aṣọ tí kò gbẹ."
Ó fi ẹlẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ hàn mí,
tó ń na imú gbọọrọ síta bí erin:
"Ti ayálégbé nìyí, tí onílé ò jẹ́ kó lu ògiri."
Ó fi oníméjì hàn mí, orí nínú ilé, ìdí níta,
tó ń fa iná díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń la oyin.
"Jẹnẹrétọ̀ kékeré á gbé e. Kò sì ní dún,
ẹ ò ní gbọ́ ju bí ológbò ṣe ń mí."

Mo ṣe ìṣirò sẹ́yìn rìsíìtì:
owó iná, owó gáàsì, owó ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́.
Ọ̀nà yòówù kí n gbé e gbà, oníméjì ló borí.
Mo wá sílé bí ẹni tó yege ìdánwò.

Màámi gbọ́ mi títí. Ó ní, "Kò dún?"
"Kò dún rárá."
Ó wo páálí bisikíìtì.
"Bàbá yín hanrun fún ọdún mẹ́rìnlélógójì.
Ẹ̀rọ yẹn ń gbè é lẹ́sẹ̀, bí elégbè.
Àwọn méjèèjì dákẹ́ lọ́dún kan ṣoṣo.
Ìwọ rò pé ooru nìkan ni kò jẹ́ kí n sùn?"

Mi ò ní àyè fún ìhanrun nínú ìṣirò mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Okwudili fi mí ṣe yẹ̀yẹ́
kó tó wá a jáde lábẹ́ eruku: ẹ̀rọ ojú ògiri,
tòkunbọ̀, ẹṣin kan géérégé, ojú rẹ̀ pọ́n bí eyín ajobì.
Sùbérù gbẹ́ ihò náà fẹ̀ ní ìka méjì,
ó tẹ ìdí ẹ̀rọ wálẹ̀ níta díẹ̀, kí omi má baà ṣàn wọlé.
Orí efinrin ẹ̀yìnkùlé ló ń kán sí báyìí.

Ó ń jẹ iná, mi ò ní purọ́.
Mítà ń ka owó mi bí ẹni ń ka ọmọ ayò.
Bí wọ́n bá sì múná lọ, ó di ẹní orí sìmẹ́ǹtì.
Ṣùgbọ́n lálẹ́ àná mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.
Ẹ̀rọ náà wúkọ́, ó gbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.
Màámi yí kọjú sí ògiri,
ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún irọ̀rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀:
"Ẹ rọra," ó ní, "ẹ rọra o."
Ó ti sùn kí n tó paná.